Eré ìta gbangba ní Munich pẹ̀lú ọmọ méjì, láìní mọ́tò: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ará Tuntun

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Munich. Iṣẹ́ ló gbé wa dé ìlú yìí, èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ méjì. Àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ẹ̀bá Thalkirchen la ń gbé. A ò ní mọ́tò, a ò sì ní in lọ́kàn láti rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo ń rí àwọn èèyàn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Isar: ṣé òfin gbà á, ṣé ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n lú sì lè bọ́ síbẹ̀? Ọmọ mi àgbà ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù: báwo ló ṣe máa wọ ẹgbẹ́ níbí? Kí ni òfin kẹ̀kẹ́? Ṣé a lè fi ọkọ̀ ojú irin dé àwọn òkè Alps ká sì padà lọ́jọ́ kan náà? Níkẹyìn, níbo lèèyàn ti lè sun ẹran níta láìsí wàhálà?

Ọmọ Odò

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ odò ni màá mú, torí òun ló lè gba ẹ̀mí.

Flaucher kò jìnnà sí Thalkirchen rárá, ibẹ̀ ni odò ti fẹjú, tí òkúta wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀. Láàrin ọdún 2000 sí 2011 ni wọ́n hú kọnkéré tó há odò náà mọ́ fún nǹkan bíi kìlómítà 8, tí wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣàn bó ṣe fẹ́. Òfin gba ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àfi ibi tí ẹ bá ti rí pátákó "Baden verboten", ìyẹn "èèwọ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́". Bí ẹ bá rí i, ẹ má wò ó pé àwọn ẹlòmíì wà nínú omi.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pa èèyàn nínú Isar. Àkọ́kọ́ ni òtútù. Orí òkè ni omi yẹn ti ń bọ̀, ó tutù ju ti adágún lọ púpọ̀, kódà nínú oṣù Keje. Ẹni tí oòrùn ti pa tó wá bẹ́ gìjà sínú rẹ̀ máa mí gúlegúle, á fa omi sí ìmú, apá rẹ̀ á sì kú. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ra ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àyà, kí ẹ tó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni ibi tí wọ́n ti sé odò, tí omi ti ń dà gììrì láti òkè. Wehr ni wọ́n ń pè é. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, omi máa ń yí padà sẹ́yìn, ó sì máa ń yí ohunkóhun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ po láìjẹ́ kó jáde. Kò sí bí èèyàn ṣe mọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó tó lè gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni omi lẹ́yìn òjò ńlá. Tí ó bá ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀, igi ń wọ́ bọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn, ìdọ̀tí oko àti ti gọ́tà sì ti bá a pò. Lóòótọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ẹ̀gbin lókè odò ń fi iná UV pa kòkòrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ohun tí òjò bá gbá wọlé. Ẹ dúró títí omi á fi padà sí àwọ̀ ewé.

Fún ọmọ ọdún 6: kó má kọjá orúnkún rẹ̀, kí ẹ sì wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè dé ara rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ sí apá ọmọ kì í ṣe ohun ìgbẹ̀mílà. Ẹ bá a wá bàtà omi, torí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, ìgò fífọ́ sì wà. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́ lónìí, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àwọn tó ń dúró lórí ìlà máa ń pọ̀. Àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ ni Seepferdchen: ọmọ á bẹ́ sómi láti etí, á lúwẹ̀ẹ́ mítà 25, á sì mú nǹkan jáde nínú omi tó mù ún dé èjìká. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá gba àmì ẹ̀yẹ tó tẹ̀ lé e, Bronze, ni àwọn adóòlà-ẹ̀mí inú omi kà sí ẹni tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́: ìṣẹ́jú 15 láìdúró, ó kéré tán mítà 200, kó rì dé nǹkan bíi mítà 2 láti mú nǹkan wá, kó sì bẹ́ láti ibi gíga mítà 1.

Títí dìgbà náà, adágún ló yẹ wọn. Riemer See ní etí tó ń jìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U2 dé Messestadt Ost, ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Eisbach, odò kékeré tí àwọn èèyàn ti máa ń fi pátákó gun ìgbì lórí rẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ Englischer Garten, ẹ máa wò ó láti orí afárá. Èèwọ̀ ni ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ẹran sísun: kò sí nínú Englischer Garten. Ó wà ní apá Isar tí pátákó bá ti fi hàn, àti ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Westpark, Ostpark àti Hirschgarten. Ààrò onírin tó ní ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ, ẹ má dáná sí ilẹ̀. Ẹ ra èédú àti ẹran ní Sátidé, torí ṣọ́ọ̀bù ń tì ní Sunday. Súyà tó ní yàjì ẹ̀pà máa ń gbiná, nítorí náà ẹ kó èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan ààrò, kí ẹ sì to igi súyà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ da omi pa èédú kó tó di pé ẹ kúrò.

Kọ́ọ̀ṣì Àdúgbò

Ẹ kú àbọ̀ sí ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọmọ yín àgbà gba kí ẹ tètè ṣe é, nítorí ìwé.

Ẹgbẹ́ eléré níbí ni Verein. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, kì í ṣe ẹnìkan. Ẹ lọ sí ojú ewé ẹgbẹ́ tó súnmọ́ yín jù, ẹ wá orúkọ ẹni tó ń darí àwọn ọ̀dọ́, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú: ọdún tí wọ́n bí ọmọ, ipò tó ń gbá, àdúgbò tí ẹ wà. Ẹ béèrè fún Probetraining. Wọ́n sábà máa ń gbà kí ọmọ wá gbá lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta láìsanwó. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ: ọmọ ọdún 11 sábà máa ń bọ́ sí ìpele D-Jugend, níbi tí wọ́n ti ń gbá 9 sí 9. Èyí ọdún 6 á lọ sí G-Jugend, tí wọ́n ti ń gbá 2 sí 2 tàbí 3 sí 3 lórí pápá kékeré, kí ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ lè kan bọ́ọ̀lù dáadáa.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Ọmọ tó ti pé ọdún 10, tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda láti ibẹ̀ kó tó lè gbá ìdíje. Ẹgbẹ́ yín á kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù Bavaria, ìyẹn á lọ sí DFB, àjọ bọ́ọ̀lù Jámánì, DFB á wá béèrè lọ́wọ́ NFF ní Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin FIFA kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 máa ṣí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin wọ inú àyàfi tí òfin náà ṣe: àwọn òbí ló ṣí wá nítorí nǹkan tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé gbè é. Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ: ìwé ìrìnnà ọmọ àti ti òbí, ìwé ìbí, Meldebescheinigung, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àdírẹ́ẹ̀sì, tó fi hàn pé ilé kan náà lẹ ń gbé, àti ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Ìwé kan ṣoṣo tó bá kù lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ má sì sọ pé ọmọ kò gbá bọ́ọ̀lù rí kó lè yá, torí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ n'Íbàdàn, irọ́ sì lè mú kí wọ́n dá a dúró. Kí ìwé tó dé, ó lè máa bá wọn ṣe ìgbáradì, ṣùgbọ́n kò ní gbá ìdíje.

Tí wọ́n bá ní ìgbáradì di aago 5:30, ó túmọ̀ sí pé kí ọmọ ti wà lórí pápá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ ní aago 5:30. Owó ẹgbẹ́ ń jáde tààrà láti báńkì. Ẹ ka Satzung, ìyẹn òfin ẹgbẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn kúrò àfi ní ìparí ọdún, pẹ̀lú lẹ́tà tó ti dé ṣáájú. Ìdílé tó bá ń gba Wohngeld (owó ìrànwọ́ ilé gbígbé) tàbí Kinderzuschlag (àfikún owó ọmọ) lè gba Euro 15 lóṣù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti fi san owó ẹgbẹ́; Bildung und Teilhabe ni kí ẹ béèrè. Wọ́n á sì máa pe ẹ̀yin òbí láti gbé àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje tàbí láti ta kéèkì. Ẹ máa lọ. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ èèyàn ju ibikíbi lọ.

Fún ẹ̀yin àgbà tó bá fẹ́ sáré: parkrun wà ní Westpark ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kìlómítà 5, ọ̀fẹ́. Ìlú London ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004. Ẹni yín tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní ìlú Ọba lè fi nọ́ńbà kan náà sáré níbí.

Alákẹ̀kẹ́

Ẹ kíyè sí ọjọ́ orí àwọn ọmọ yín, torí òfin kẹ̀kẹ́ pín wọn sí méjì. Ọmọ tí kò tíì pé 8, ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn ló gbọ́dọ̀ gbà, tàbí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n yà kúrò lára títì. Àgbàlagbà kan lè bá a gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ sọdá títì, kó sọ̀kalẹ̀, kó ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Láti 8 dé 10, ó lè yàn. Èyí tó jẹ́ 11 kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà mọ́: títì tàbí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni tirẹ̀. Àwọn ọmọ tó dàgbà níbí ti kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, ọlọ́pàá ti dán wọn wò. Ọmọ yín kò sí níbẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọ̀nà ilé ìwé ní àárọ̀ Sunday tí mọ́tò kò pọ̀, kí ẹ kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́rin: kó wo ẹ̀yìn láti èjìká òsì kó tó yà, kó na ọwọ́ síta, kó fàyè mítà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó dúró kí ilẹ̀kùn má baà gbá a, àti pé níbi tí kò bá sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń kọjá. Àgbà tó ti wakọ̀ ní Nàìjíríà fún ogún ọdún náà máa ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì méjì tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì, agogo, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, àti àwọn ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà: funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, yẹ́lò lórí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àti lára àwọn wáyà wíìlì. Òfin kò sọ pé kí èèyàn dé akoto, ṣùgbọ́n ẹ dé e fún àwọn ọmọ. Owó ìtanràn: fóònù lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́, Euro 55. Kíkọjá nígbà tí iná pupa bá ń tàn, Euro 60 àti pọ́ńtì kan; bí iná náà bá ti pupa ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, Euro 100.

Tí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin, ẹ gba ìwé tí olùtà fọwọ́ sí. Kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù tí kò sì ní ìwé lè jẹ́ ti olè, ọlọ́pàá á sì gbà á lọ́wọ́ yín. Fún gíga ìjókòó: ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ibi ìtẹ̀sẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán.

Ohun kan tó sábà máa ń lu táyà ni afẹ́fẹ́ tí kò tó. Túùbù á há sáàárín irin àti etí ọ̀nà, á sì lu ihò méjì tó jọ ojú eyín ejò. Ẹ ka iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ fẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Tó bá jò, ẹ ṣe bí fọkanáísà: ẹ fi omi wá ihò, ẹ fi sáńpépà fá a, ẹ fi góòmù pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 títí dídán rẹ̀ á fi kú, kí ẹ tó tẹ ìlẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Àwọn tí kò dúró ni tiwọn máa ń ṣí. Ẹ sì fi ìka wá inú táyà kí ẹ tó dá a padà, torí ìgò tó lù ú lè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ lè gbé kẹ̀kẹ́ wọ àwọn ọkọ̀ ojú irin ìlú, S-Bahn àti U-Bahn, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàrin aago 6 sí 9 àárọ̀ àti 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Agòkè

Ó ṣeé ṣe dáadáa láti lọ sí òkè ká sì padà lọ́jọ́ kan. Ẹ fi Tegernsee bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin BRB á gbé yín láti Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin àgbà, débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ọkọ̀ yẹn máa ń pín lójú ọ̀nà, ní Holzkirchen àti ní Schaftlach, apá kan á lọ sí Bayrischzell, òmíràn sí Lenggries. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára kóòṣì tí ẹ fẹ́ wọ̀. Láti ibùdókọ̀ Tegernsee, ẹ lè fẹsẹ̀ gun Neureuth tó ga mítà 1263, ìgòkè bíi mítà 500, ilé oúnjẹ sì wà lókè. Àwọn tó dúró ṣinṣin máa ń gùn ún ní wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Pẹ̀lú ọmọ ọdún 6, ẹ fi wákàtí kan kún un.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò àkókò, ẹ má gba ohun tí fóònù bá sọ gbọ́ tán. Ìgòkè mítà 300 ń gba wákàtí kan, ìsọ̀kalẹ̀ mítà 500 ń gba wákàtí kan, kìlómítà 4 ilẹ̀ títẹ́jú ń gba wákàtí kan. Ẹ mú èyí tó pọ̀ jù, ẹ fi ìdajì èyí tó kéré kún un. Bí àpẹẹrẹ, ìgòkè mítà 600 lórí kìlómítà 6: òkè gba wákàtí 2, ọ̀nà gba wákàtí kan àbọ̀; ẹ fi ìṣẹ́jú 45 kún wákàtí 2. Ìsinmi kò sí nínú rẹ̀.

Àwọ̀ àmì ọ̀nà: búlúù rọrùn, pupa ní ibi tí èèyàn ti lè já bọ́, dúdú jẹ́ ti ẹni tó mọṣẹ́. Kí ọmọ yín má kọjá búlúù lọ́dún àkọ́kọ́.

Aṣọ: àwọn ará ibí ń sọ pé ká múra bí àlùbọ́sà, ìpele lórí ìpele. Owú kò dára. Ó ń mu òógùn, kì í sì í gbẹ. Ẹ dé òkè, atẹ́gùn fẹ́, òtútù wọ egungun. Ojú ọjọ́ ń tutù ní nǹkan bíi dígíríì 6 fún mítà 1000 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Ẹ ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ dán an wò lórí ibi tó dagun sísàlẹ̀: tí ọmọ-ìka bá gbá iwájú, ó kéré. Ẹ wọ̀ ọ́ nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbé e lọ. Lítà omi kan àbọ̀ fún àgbà kọ̀ọ̀kan, owó lọ́wọ́ nítorí kì í ṣe gbogbo ilé òkè ló ń gba káàdì, àti aṣọ òjò kódà tí oòrùn bá ń ràn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sán ni àrá ń sán jù; ẹ tètè gbéra kí ẹ lè ti máa sọ̀kalẹ̀ ní aago 1. Ìsọ̀kalẹ̀ lọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, torí orúnkún ti rẹ̀ wọ́n.

Tí ẹ bá bá màlúù pàdé, pàápàá èyí tó lọ́mọ, ẹ yípo rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ sì ti ọgbà padà. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ni 112. Níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ ké tàbí ẹ tan iná ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ìṣẹ́jú ni èsì. Bí ẹ bá máa ń lọ déédéé, ẹ wọ Deutscher Alpenverein, ẹgbẹ́ àwọn agòkè Jámánì, torí ìdáàbòbò tó wà nínú rẹ̀ ń san owó ìgbàlà lórí òkè títí dé Euro 25,000.

Tíkẹ́ẹ̀tì: Deutschlandticket tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ ti tó fún gbogbo yín.

Alákẹ̀kẹ́

Ẹ̀gbọ́n Agòkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe kí wọ́n má baà san ìtanràn. Ẹnìkan ṣoṣo ni Deutschlandticket wà fún, ọmọ tó ti pé ọdún 6 kò sì lè bá òbí wọ̀ ọ́. Bayern-Ticket ló bá wọn mu: títí dé àgbà 5, ọmọ yín tó wà láàrin ọdún 6 sí 14 á sì wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Aago 9 àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Sátidé àti Sunday, láti òru ni.

Agòkè

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Bayern-Ticket ni kí wọ́n rà.

Ará Tuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Méjì ló kù: ìgbà òtútù, àti eégbọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ìwé ọmọ.

Ọmọ Odò

Ìgbà òtútù: ní oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 4:20, nítorí náà ọ̀sán ni kí ẹ jáde. Tí yìnyín bá bo ilẹ̀, Olympiaberg ni àwọn ọmọ ti ń fi pátákó yọ̀ bọ́ láti òkè. Òkìtì àlàpà ogun ni wọ́n fi mọ òkè yẹn. Ẹ má rìn lórí adágún tó dì, àfi tí ìjọba bá ti ṣí i: yìnyín gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 lórí omi tó dúró, 20 lórí omi tó ń ṣàn. Àwọ̀ ara wa tó dúdú kì í tètè ṣe fítámì D, oòrùn Jámánì láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kẹta kò sì lágbára tó. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó lo oògùn rẹ̀.

Agòkè

Eégbọn: inú koríko gíga àti etí igbó ló máa ń dúró sí. Ó lè kó àìsàn méjì ranni. FSME ń kọlu ọpọlọ, kò ní oògùn tó ń pa á, ṣùgbọ́n ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára: mẹ́ta ni, èkejì láàrin oṣù kan sí mẹ́ta, ẹ̀kẹta kí ọdún kan tó pé. Púpọ̀ nínú Bavaria jẹ́ agbègbè eléwu, ìnsọ́ránsì ìlera sì ń san án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà òtútù, kí abẹ́rẹ́ méjì ti wà lára kó tó di oṣù Kẹrin. Àìsàn kejì, Borreliose, kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ló ń wò ó, àǹfààní ibẹ̀ sì ni pé bí ẹ bá ṣe tètè yọ eégbọn kúrò lára tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń kéré tó.

Nítorí náà, ẹ yẹ ara wò lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá jáde: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́, ẹ̀yìn etí, àti láàrin irun dídì àwọn ọmọ, nítorí ibẹ̀ ṣòro láti rí. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ awọ ara gan-an, ẹ fà á jáde ní tààrà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òróró tàbí iná sí i, torí ìyẹn lè mú kó pọ ohun inú rẹ̀ sára èèyàn. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń pín máa ń sọ pé ká ṣọ́ òrùka pupa, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú, ó lè máà pupa rárá; ó lè dà bí ojú ibi tí èèyàn fi gbá nǹkan. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni bó bá ń fẹ̀ sí i láàrin ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ti ń fẹ̀, ẹ gbé fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ bá dókítà, kó lè fi wé ohun tó wà níwájú rẹ̀.